Páíkì Tí Mo Fi Ààwẹ̀ Mú

                                                  Tyrrelstown,
                                                  Dublin 15,
                                                  Ireland.
                                                  Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2026.

Àdùnní, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo mú ẹja!

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí ọ, mo mọ̀. Ilé tí wọ́n ti kọ́ mi kọ́ ni mo ti ń já lu ọ̀rọ̀ báyìí. Ó dáa, jẹ́ kí n padà sẹ́yìn kí n kí ọ bí ọmọ Ṣakí. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọdún á yabo fún gbogbo wa. Bàbá Túnbọ̀sún ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Túnbọ̀sún fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ilé ẹ̀kọ́ tuntun yẹn ti mọ́ ọn lára? Mo gbọ́ pé ọyẹ́ ọdún yìí mú gan-an ní Òkè-Ògùn, pé ètè gbogbo yín ti là. Ẹ kú ọyẹ́ o. Àmọ́ bí ẹ bá ń pe tiyín ní òtútù, ẹ wá wo ti ibí. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Jọmílójú ti ga jù mí lọ, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Dublin ló ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́. Bàbá rẹ̀ wà dáadáa, láti ìgbà tí wọ́n ti fi í jẹ díákónì ló ti ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́.

Ṣé mo ti kí ọ tó? Mo mú ẹja, Àdùnní!

Olúwabùkọ́lá, ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń bọ̀ nílé, ló ń bá mi mú lẹ́tà yìí wá. Wo inú àpò ìwé náà dáadáa, wàá rí ẹja onírọ́bà kan níbẹ̀. Mo ti yọ ìwọ̀ ara rẹ̀ kúrò kó má baà gún ọ. Gbé e sí ìmọ́lẹ̀, wàá rí ibi tí eyín ti gbà á lára. Eyín páíkì nìyẹn. Mi ò rí fọ́tò kankan yà, nítorí òtútù ti pa fóònù mi, ti Dádì Jọmílójú sì wà nínú mọ́tò. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ẹ̀rí ránṣẹ́, torí mo mọ̀ ọ́, o ò ní gbà mí gbọ́.

Páíkì ni wọ́n ń pe ẹja náà. Ó gùn, ara rẹ̀ dà bí ewé tí wọ́n ta àmì funfun sí, ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ti pẹ́pẹ́yẹ. Àmọ́ eyín inú ẹnu yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fi ìka kàn án. Ẹja tó ń jẹ ẹja ni. Ọ̀nà tí à ń gbà mú un ni pé ká ju ẹja ayédèrú sómi, ká máa fi okùn fà á kó lè máa jó, kí páíkì rò pé oúnjẹ ọ̀sán òun ló ń kọjá. Oníjìbìtì ni wá, ní kúkúrú.

O mọ bí nǹkan ṣe rí fún mi láti ìgbà tí Alhaja ti lọ. Ìwọ lo dúró níbẹ̀ bí ọmọ, Ọlọ́run á san án fún ọ. Àwọn ará ilé wa ò kúkú lè gbé òkú pa mọ́ dè mí, Mùsùlùmí ni wọ́n. Kí n tó rí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, wọ́n ti bu erùpẹ̀ lé ìyá mi. Ohun tí mi ò sọ fún ọ lórí fóònù ni pé mi ò sunkún. Kì í ṣe pé mo mọ́kàn le. Ẹkún ni kò wá. Mo ń wa bọ́ọ̀sì mi, mo ń kí èrò, mo ń dáná, mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bí mo bá sì dùbúlẹ̀, oorun ò ní wá. Ó dà bí ẹni pé nǹkan há sí mi láyà.

Ìgbà tí òjò ìparí ọdún ń rọ̀ lọ́wọ́ ni mo parí iṣẹ́ àárọ̀ lọ́jọ́ kan, mo lọ jókòó sétí kànáàlì, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ tó gba ìtòsí Blanchardstown kọjá. Bàbá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì, Fintan lorúkọ rẹ̀, ń pẹja níbẹ̀. O mọ̀ mí, ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Kó tó di pé mo dìde, ọ̀pá ìpẹja ti wà lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà, Sátidé tí mi ò bá ti wa ọkọ̀, ọ̀dọ̀ Fintan ni kí wọ́n ti wá mi. Àyà mi máa ń fúyẹ́ níbẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀, àmọ́ alẹ́ Sátidé nìkan ni mo ń rí oorun gidi sùn.

Ẹja ńkọ́? Ẹja kankan ò wo ojú mi. Fintan sọ ìdí rẹ̀ títí ẹnu fi ro ó: mo ń yára jù. Nígbà òtútù, páíkì kì í sáré lé oúnjẹ. Ìsàlẹ̀ ibú ló máa ń dùbúlẹ̀ sí, ara rẹ̀ á ti wúwo, kò ní fẹ́ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Àfi kéèyàn rọra gbé ẹja ayédèrú kọjá níwájú ẹnu rẹ̀ gan-an, kó dúró, kó jẹ́ kó rì díẹ̀, kó tó tún fà á. Ta ló fẹ́ ní sùúrù yẹn? Èmi tí mo ń fi aago wa bọ́ọ̀sì, tí èrò máa ń pòṣé sí bí mo bá pẹ́ díẹ̀! Bí mo bá ti jù ú sómi, mo ti fà á padà fìrì. Fintan ní bí mo ṣe ń sáré yìí, páíkì tó bá fẹ́ jẹ oúnjẹ mi ní láti lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ná.

Dádì Jọmílójú ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà rárá. Ó ní òtútù á gbé mi ṣubú. Ó ní àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń béèrè ibi tí ìyàwó díákónì ń wà bí wọ́n bá ń gbàdúrà ní Sátidé. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọmọ etídò ni òun, ọmọ Ìgbókòdá, ó wá ń fi mí rẹ́rìn-ín pé láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, ta ló gbọ́ ọ rí pé ará Ṣakí pẹja? Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń gbà lóṣù Ṣẹ́rẹ́, ó pè mí jókòó. Ó ní ká béèrè àmì lọ́wọ́ Ọlọ́run bí Gídíónì ṣe béèrè. Bí mo bá mú ẹja kí ààwẹ̀ tó parí, a jẹ́ pé ọwọ́ Ọlọ́run wà níbẹ̀, òun ò ní dá mi lẹ́kun mọ́ láéláé. Bí mi ò bá mú un, kí n gbé ọ̀pá sílẹ̀, kó tán síbẹ̀. Èmi aláìgbọ́n, mo ṣe àmín! Ìgbà tí àmín ti bọ́ lẹ́nu mi ni mo tó rántí pé mi ò mú ẹyọ kan rí. Ẹ̀rù bà mí, Àdùnní. Ibì kan ṣoṣo tí àyà mi ti ń fúyẹ́ ni mo gbé kalẹ̀ yẹn.

Sátidé tó kẹ́yìn ààwẹ̀ wá pé, ìyẹn Sátidé tó kọjá yìí. Gbogbo koríko funfun báláú. Yìnyín bo etí omi, ó tún dí àwọn òrùka ara ọ̀pá tí okùn ń gbà kọjá, èékánná ni mo fi ń họ ọ́ kúrò. Mo wọ ṣòkòtò lórí ṣòkòtò, mo rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí àpò gàárì. Fintan bu tíì fún mi, mo ní rárá. Ó yọ búrẹ́dì, mo ní rárá o, ààwẹ̀ ni mo wà. Ó ní, "Ah Tòún, not even a sup of tea?" Kò sí ohun tí àwọn ará Ireland ò lè fara mọ́, àmọ́ kéèyàn kọ tíì nínú òtútù, ìyẹn ò yé wọn. Ó ń wò mí tìfura-tìfura bí ẹni tó fẹ́ pe dókítà.

Lóòótọ́, ebi ti lù mí bolẹ̀. Nígbà tí oòrùn ọ̀sán fi yọjú díẹ̀, apá mi ò gbé eré tí mo máa ń sá mọ́. Mo gbé ìdí ọ̀pá ti ìbàdí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọra yí okùn. Mo yí i díẹ̀, mo dúró mí. Mo tún yí i díẹ̀, mo tún dúró mí. Fintan ò kígbe mọ́ mi mọ́ pé mo ń yára jù. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe é. Àṣé ohun tó ti ń kọ́ mi láti ọjọ́ yìí tí kò wọ̀ mí létí, ebi ti kọ́ mi láàárín wákàtí kan!

Ìgbà yẹn gan-an ni Dádì Jọmílójú ti ìpàdé àdúrà dé, tòun ti kóòtù dúdú àti táì, bàtà rẹ̀ ń dán. Kò sọ nǹkan burúkú. Ó kí Fintan, ó wá dúró lẹ́yìn mi. Mo mọ ohun tó wá gbé: ọ̀pá mi. Mo tún dúró mí, mo ní Olúwa, ẹ má dójú tì mí lójú bàbá yìí. Bí mo ṣe ní kí n tún fà á, okùn há. Mo ní ó parí, mo ti fi ìwọ̀ kọ́ àkísà tí wọ́n jù sómi. Mo fà á díẹ̀, àkísà náà fà mí padà.

Àdùnní, àkísà kì í fa èèyàn!

Mo pariwo "Jéésù!" tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ fi fò. Fintan ń ké pé, "You're in, Tòún! Easy now, don't horse it!" pé kí n má fi agídí fà á. Ọ̀pá tẹ̀ kọrọdọ, okùn ń sá lọ, ẹsẹ̀ mi ń yọ̀ lórí yìnyín. Ibẹ̀ ni ọmọ Ìgbókòdá ti jí nínú díákónì. "Fi okùn sílẹ̀ fún un! Jẹ́ kó sá! Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó yá, fà á wá báyìí!" Orúnkún Fintan kì í ká dáadáa mọ́, ni Dádì Jọmílójú bá já àwọ̀n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ gbàgà. "Gbé orí ẹ̀ sókè, Ìyá Jọmí, gbé orí ẹ̀ sókè!" Mo gbé orí rẹ̀ sókè, ó ki àwọ̀n bọ abẹ́ rẹ̀, àwa méjèèjì pariwo bí ọmọdé.

Ó tóbi, ọ̀rẹ́ mi. Bí mo bá dúró, ó gùn láti ìbàdí mi dé ilẹ̀, mi ò parọ́. Fintan fi ẹ̀mú yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó ń mi orí, ó ní, "That's a grand fish, Tòún. Grand altogether." Ọkọ mi na ọwọ́ sókè ọ̀run. Ó ní Ọlọ́run ti pèsè ìṣínu, pé ata ló kù. Mo wá sọ fún un pé òfin ibí ni pé páíkì tó bá tóbi báyìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á, inú omi ló ń padà sí. Ó kọjú sí mi:

"Ohun tí a fi ààwẹ̀ gbà lo fẹ́ dá padà?"

Mo ní, "Dádì Jọmí, àmì lẹ béèrè. Ẹ ò béèrè ọbẹ̀."

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo gbé e bọ inú omi. Omi yẹn jó mi lọ́wọ́ bí iná. Fintan ti kọ́ mi pé kí n má jù ú, kí n fọwọ́ gbé e ró títí ara rẹ̀ á fi padà sípò. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ń wo bó ṣe ń mí. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ le lọ́wọ́ mi, ó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni "Ó dàárọ̀ o." Mi ò mọ ibi tó ti wá. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n dúró lórí sàréè Alhaja sọ ni. Ẹkún bá já. Mo sunkún, Àdùnní, mo sunkún tí ikun gba gbogbo ojú mi, mo ń pe "Ìyá mi, ìyá mi" létí kànáàlì lójú òyìnbó. Fintan kẹ̀yìn sí wa, ó ń da tíì rẹ̀ nù díẹ̀díẹ̀. Dádì Jọmílójú kúnlẹ̀ tì mí nínú omi àti ẹrẹ̀, ó gbá mi mú, ó ní, "Mi ò mọ̀ pé ibí lo ń gbé ọ̀fọ̀ Alhaja wá. Dárí jì mí."

Bí a ṣe wọ mọ́tò, ó gbé fóònù rẹ̀, ó pe ẹnì kan. Ó wá hàn pé bàbá yìí ti fi ọ̀pá mi ta Goodluck lọ́rẹ, ẹni tó ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa! Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Goodluck, abeg no vex. That rod, my wife dey use am." Lọ́jọ́ Sunday ó bọ́ síwájú ìjọ, ó jẹ́rìí, ó ní "ẹja tí a mú." A mú! Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ẹja náà ń gùn, ìgbà tó fi parí, ó ti gùn jù mí lọ. Jọmílójú rọra sọ sí mi létí pé, "Mam, that's a dolphin." Mo rẹ́rìn-ín títí àwọn ìyá ìjọ fi yíjú wò mí. Láti Sátidé náà, mo ń sùn, kì í ṣe alẹ́ Sátidé nìkan mọ́.

Ilẹ̀ ń ṣú, Olúwabùkọ́lá sì ń retí lẹ́tà yìí. Bá mi kí Bàbá Túnbọ̀sún, sọ pé kí wọ́n máa fi omi gbígbóná jó ẹ̀yìn yẹn. Sọ fún Túnbọ̀sún kó mú ìwé rẹ̀ lọ́kùn-únkúndùn. Kí gbogbo àwọn tó bá béèrè mi ládùúgbò. Bí o bá sì ráyè lọ́jọ́ Jímọ̀, jọ̀ọ́, dé ibojì Alhaja fún mi. Má wulẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ẹja fún wọn, wọ́n á ní orí mi ti dàrú. Ṣáà sọ fún wọn pé Tòún ti sunkún wọn.

Èmi ni tìrẹ, ará Ṣakí tó ń pẹja,

Tòún
(Ìyá Jọmílójú)