Ọwọ́ Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù Ẹrẹ́nà, 2018

Inú ń bí mi. Jẹ́ kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ ná.

Onítáì pè mí lánàá. Ọ̀gá gbọ̀ngàn àṣà wa ni. Mi ò rí i rí láìwọ táì, kódà nínú ooru oṣù Ògún. Ó ní wọ́n fẹ́ yẹ́ Dda Amokrane sí ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí, lọ́sàn-án, àti pé èmi ni màá ta gìtá "Òjò Dídì," orin rẹ̀ tí gbogbo Kabylia, agbègbè olókè wa ní Algeria, mọ̀. Bàbá náà á jókòó síwájú, á máa gbọ́. Ó ní oríkèé ọwọ́ ń dùn ún, kò lè ta á mọ́.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì orin náà. Mo ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ní gìtá. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni olùkọ́ mi. Dda ni à ń pe ọkùnrin àgbà, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, Àtàǹpàkò ni mo ń pe Dda Amokrane, nítorí bí àtàǹpàkò rẹ̀ ṣe ń bọ́ sórí okùn.

Ṣùgbọ́n abala kẹta. Ibi tí orin kíkọ ti dákẹ́, tí gìtá nìkan ń sọ̀rọ̀. Mi ò lè ta á. Mo mọ gbogbo ohùn tó wà níbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwúwo rẹ̀ ni mi ò rí mú. Àwọn okùn tínrín tirẹ̀ ń dún bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Tèmi ń dún bíi ṣíbí nínú ife tíì.

Ọdún mẹ́tàdínlógún. Ṣíbí nínú ife tíì.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù Ẹrẹ́nà

Wákàtí mẹ́ta. Ṣíbí. Mo ju gìtá sórí ibùsùn, mo lọ fọ abọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù Ẹrẹ́nà

Mo tọrọ àyè ní ilé oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo lọ bá Dda Amokrane ní ilé kọfí tó máa ń jókòó sí. Òun àti àwọn àgbà mẹ́ta ń ta dómínò. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀. Gbogbo wọn dákẹ́ bí ẹni pé mo gbé òkú wọlé.

Mo kí i. Mo ní, Dda Amokrane, ẹ jọ̀ọ́, abala kẹta "Òjò Dídì," báwo ni àtàǹpàkò yín ṣe ń ṣe é? Ó gbé dómínò kan sílẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ ni, ọmọ mi. Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n."

Mo ní ẹ sáà fi hàn mí, ẹ̀ẹ̀kan péré, kódà kí ẹ fi ìka lásán ṣe é lórí tábìlì. Ó ní oríkèé ń dun òun. Mo ní, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu nígbà náà. Ó wo ọwọ́ mi. "Ọwọ́ ẹ kéré. Ọwọ́ obìnrin ni. Ta á bí o bá ṣe lè ta á, wọ́n á pàtẹ́wọ́."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí n máa ṣọ́ èékánná mi.

Mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé. Mi ò wọ bọ́ọ̀sì. Mo ń bínú débi pé mo kọjá ilé wa.

Ọjọ́rú, 7 oṣù Ẹrẹ́nà

Ọwọ́ mi kéré. Ó dáa.

Mo da orin náà sórí fóònù, mo fà á kí ó máa lọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fa aṣọ tútù láti inú omi. Mo gbọ́ nǹkan méjì tí mi ò gbọ́ rí. Àkọ́kọ́: nígbà tí ó bá ra gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan náà, okùn tínrín ló ń kọ́kọ́ dún, èyí tó nípọn á wá tẹ̀ lé e. Òdì ni sí bí ọwọ́ gbogbo wa ṣe ń lọ. Èkejì: nínú abala kejì, ohùn kan wà tó ń tiro. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, ní ibì kan náà, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó rẹwà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ títiro yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Ẹrẹ́nà

Ọjọ́ àwọn obìnrin lágbàáyé. Ọ̀gá mi ní ilé oògùn fún mi ní òdòdó kan, ó sì ní kí n dúró di aago méje.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Ẹrẹ́nà

Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Mo jókòó láti àárọ̀. Abala kẹta. Kò lọ. Ìbínú dé ọrùn mi. Mo gbé gìtá kúrò lẹ́sẹ̀, mo gbé e padà ní òdì, ọrùn rẹ̀ sí ọ̀tún, ìdí rẹ̀ sí òsì, mo sì fi ọwọ́ òsì na àwọn okùn náà, kì í ṣe láti ta orin, láti na gìtá náà ni.

Ó dún bíi kásẹ́ẹ̀tì.

Mo tún na án. Okùn tínrín kọ́kọ́ dún, èyí tó nípọn tẹ̀ lé e. Mo rọra fi àtàǹpàkò òsì já okùn tínrín. Ìró ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn. Dájúdájú: tí gìtá bá dojú kọ òdì, okùn tínrín ló máa wà lókè, lábẹ́ àtàǹpàkò, àwọn ìka ló máa wá gbé okùn ńlá, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Gbogbo ìwúwo tí mò ń wá láti ọdún mẹ́tàdínlógún.

Ọlọ́wọ́ òsì ló ta á. Ọlọ́wọ́ òsì tí kò pa okùn dà, tó kàn yí gìtá ẹlòmíràn padà.

Dda Amokrane fi ọwọ́ ọ̀tún gbé dómínò sílẹ̀. Ó fi ọ̀tún gbé ife kọfí. Nínú gbogbo fọ́tò rẹ̀ tí mo ní, ọ̀tún ló fi ń ta gìtá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù Ẹrẹ́nà

Mo bi ìyá mi léèrè bí ẹnìkan nínú ilé Amokrane bá ń lo òsì. Ó ń bó ẹ̀wà, kò gbójú sókè. Ó ní, "Tawes ńkọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Hocine tó kú. Òsì ló fi ń bu oúnjẹ níbi ìgbéyàwó, àwọn obìnrin a máa kọ̀ ọ́." Ó ní aránṣọ ni, òkè ní Tala Oufella ló ń gbé. Ó ní kí ló dé?

Mo ní kò sí nǹkan.

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Ẹrẹ́nà

Ilé kọfí lẹ́ẹ̀kan sí i. Mi ò kí àwọn tó kù.

Mo ní, "Dda Amokrane, ọwọ́ wo lẹ fi ń jẹun?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀tún, bíi gbogbo ọmọlúàbí. Mo ní, ẹni tó ta gìtá inú kásẹ́ẹ̀tì yín, òsì ló ń lò.

Ẹ̀rín náà kò tètè kúrò lójú rẹ̀. Ó kàn gbẹ síbẹ̀. Ó dìde, ó mú mi jáde sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Orin mi ni," ó ní. "Ọ̀rọ̀ mi ni, ohùn mi ni. Ọwọ́ nìkan ni kì í ṣe tèmi."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Gìtá ọkọ rẹ̀ ni Tawes fi kọ́ ara rẹ̀ nígbà tí ọkọ bá lọ ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé òdì ló gbé e. Ní 1987 wọ́n mú un lọ sí Algiers láti gba orin náà sílẹ̀, wọ́n sọ fún ará àdúgbò pé ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni wọ́n ń lọ. Hocine gbà, bí orúkọ ìyàwó òun kò bá ní jáde. Mo bi í pé níbi ìgbéyàwó ńkọ́, níbi tí ó ti ń ta á fúnra rẹ̀? Ó ní, "Báńjò wà níbẹ̀, ìlù wà níbẹ̀, obìnrin ń hó yèè. Ta ló ń gbọ́ ìka?"

Mo ní èmi. Èmi ń gbọ́ ìka.

Ó ní Hocine ti kú. Ó ní kí ni mo fẹ́ kí òun ṣe, kí òun lọ jí i? Lẹ́yìn náà ó sọ̀ ọ́ di jẹ́jẹ́: "Ouiza, ọmọ mi, àgbà ni mí. Jẹ́ kí wọ́n yẹ́ mi sí, kí n lọ sinmi."

Mo bá tèmi lọ. Mi ò ní pè é ní Àtàǹpàkò mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Ẹrẹ́nà

Tala Oufella. Òjò dídì ṣì wà lórí òkè lẹ́yìn abúlé náà.

Mo ti kọ́ ohun tí màá sọ láti inú bọ́ọ̀sì. Mo rò pé yóò sunkún. Mo rò pé yóò dì mọ́ mi. Nna Tawes, bí a ṣe ń pe obìnrin àgbà, ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó wo gìtá tí mo gbé kọ́ ẹ̀yìn, ó ní, "Ta ló rán ẹ?"

Mo ní etí mi ló rán mi.

Ó jẹ́ kí n wọlé. Ó fún mi ní búrẹ́dì àti òróró ólífì, kò bá mi jẹ. Ó ní kí n ta á kí òun gbọ́. Mo ta abala kìíní àti èkejì bí mo ṣe ti ń ta á tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú títiro yẹn, tí mo ti fi ọjọ́ mẹ́jọ kọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Kí nìyẹn?"

Mo ní, títiro yín ni.

"Mo fi sísọ́ọ̀sì gé ìka ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn," ó ní. "Ó ń ta mí. Àṣìṣe ni. O wá gbé àṣìṣe mi láti ìsàlẹ̀ òkè wá fún mi."

Ojú tì mí. Lẹ́yìn náà inú bí mi pé ojú tì mí.

Mo sọ fún un pé màá dárúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ náà, níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ní rárá. Mo ní wọ́n jà yín lólè. "Ta ló jà mí lólè? Ṣé mo fi ẹjọ́ sùn ẹ́?" Ó ní òun ní ọmọbìnrin mẹ́ta nílé ọkọ, àna wọn kò mọ nǹkankan, aránṣọ ni wọ́n mọ òun sí, iṣẹ́ aṣọ òun sì dáa. "Ìbínú tìẹ ni o gbé wá síbí. Gbé e padà lọ. Ilé mi kò láàyè fún un."

Ó bá mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní ọwọ́ mi kò kéré.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Ẹrẹ́nà

Mo ń bínú sí òun náà.

Ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù Ẹrẹ́nà

Mo sọ fún Onítáì pé mi ò ta á mọ́. Ó ní orúkọ mi ti wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri. Mo ní kí wọ́n lẹ òmíràn lé e. Ó ní kí ni ìdí? Mo ní ẹni tí a ń yẹ́ sí ló yẹ kó ta orin rẹ̀. Oríkèé rẹ̀ kò dùn ún nídìí dómínò.

Onítáì ní, "Ìgbéraga ló ń bà yín jẹ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́." Ó tún táì rẹ̀ ṣe.

Nna Tawes ní kí n má dárúkọ òun. Mi ò dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọwọ́ mi bo ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù Ẹrẹ́nà

Gbọ̀ngàn kún. Mo jókòó sí ìlà kẹfà pẹ̀lú ìyá mi. Mo fẹ́ kí Dda Amokrane, tó wá fẹ́ ta á fúnra rẹ̀, kùnà. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí: mo fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ọ.

Dda Amokrane jókòó, wọ́n gbé gìtá fún un. Ohùn rẹ̀ ṣì dùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n gìtá — ó kàn ń ra á lọ ra á bọ̀. Ó ṣi okùn tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó dé abala kẹta, ibi tó yẹ kí ó dákẹ́ kí gìtá sọ̀rọ̀, ó fò ó. Ó tún ẹsẹ orin kìíní kọ.

Wọ́n dìde. Gbogbo gbọ̀ngàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ wọn fi pọ́n. Obìnrin kan níwájú mi ń nu ojú. Onítáì fi aṣọ ìyẹ́ni-sí bo èjìká Dda Amokrane.

Kò sí ẹni tó mọ̀ pé nǹkankan kù. Ìyá mi náà ń pàtẹ́wọ́. Mo wò ó títí ó fi ṣíwọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù Ẹrẹ́nà

Ọjọ́ iṣẹ́ ni Àìkú lọ́dọ̀ wa; mo ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo gun òkè lọ.

Nna Tawes ń lọ aṣọ. Kò béèrè ìdí tí mo fi wá. Ó bi mí bí ó ṣe lọ. Mo ní wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ní bàbá náà ló ta á fúnra rẹ̀. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó ní, "Báwo ló ṣe ṣe abala kẹta?"

Mo ní ó fò ó.

Ó gbé ayọ́nù dúró.

"Ó fò ó?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún ẹsẹ kìíní kọ dípò rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀.

Ó jókòó.  Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé orin náà kúrú nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu Amokrane, téèpù sì ń yí lọ. Òun ló kún ibẹ̀. Òun kò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "Ó lè gba ìyókù. Mo fún un. Ṣùgbọ́n kí ó jù ú nù bí àgékù aṣọ?"

Ó ti aṣọ tó ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò rí ìbínú bẹ́ẹ̀ rí. Tèmi di kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Kọ orúkọ mi."

Mo ní níbo? Ó ní ibi tó bá wà lọ́wọ́ mi. Ìwé yìí ló wà nínú àpò mi. Mo mú un jáde, mo bi í bóyá kí n kọ Tawes, ìyàwó Hocine. Ó ní, "Hocine kọ́ ló kọ́ mi. Orúkọ bàbá mi ni kí o kọ."

Mo kọ ọ́:

Tawes, ọmọ Arezki Aït Ouali, ti Tala Oufella. Òun ló ta á.

Kò mọ̀wé kà. Ó mú ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó wò ó.

Ó ní kékeré ni. Ó ní kí n tún un kọ, kí ó tóbi.