Ìkòkò Egbòogi Ṣáínà Inú Garáàjì àti Ìhágún Mi

Èmi, Oyèníkẹ́ Àdùkẹ́ Ayọ̀kúnnúmi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, olùgbé Mitchellville ní ìpínlẹ̀ Maryland, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Orí mi pé, iyè mi sì jí. Orúnkún mi ọ̀tún nìkan ni kò pé, wọ́n sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí i ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà. Fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn bi mí bóyá mo ti ṣe ìhágún. Èmi kì í fi àlàfo sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Ti èdè òyìnbó ti wà lọ́wọ́ lọ́yà, ṣùgbọ́n ó fagi lé gbogbo ibi tí mo ti ń bá ọkọ mi wí, ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin. Ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí fún ilé wa, ní èdè tí a fi ń jà, tí a sì fi ń bára wa ṣeré.

Kí n tó pín ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n to ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀, àti àwọn tó mọ̀.

Ohun tó bàjẹ́: láti bí ọdún mẹ́ta ni nǹkan ọmọkùnrin ọkọ mi, Adékọ́lá, kò ti jẹ́ ìpè mọ́. Ó sọ fún mi pé ẹ̀yìn ló ń dun òun, ó sì kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí yàrá àlejò nísàlẹ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ará Ṣáínà kan, kò sọ fún mi. Ó lo egbòogi oníṣègùn náà bó ṣe wù ú, kò sọ fún oníṣègùn. Ó fagi lé àyẹ̀wò ọkàn lẹ́ẹ̀mẹta, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó mọ̀: Bùọ̀dá Taofeek, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe, mọ̀, torí òun ló júwe ilé oníṣègùn náà. Àbúrò mi, Ọmọ́kẹ́mi, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá lójúmọ́, mọ̀, torí ọkọ mi lọ bi í léèrè nípa “ọ̀rẹ́ mi kan.” Ọmọ wa kan ṣoṣo, Morọ́láyọ̀, mọ̀, torí bàbá rẹ̀ ya fọ́tò ìwé ara egbòogi ránṣẹ́ sí i pé kó fi fóònù túmọ̀ rẹ̀. Fóònù túmọ̀ ọ̀kan sí ewé tí òbúkọ ń jẹ tí kì í fi í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn abo. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó sì panu mọ́. Ajá wa, Tanímọ̀la, mọ̀, torí òun ló ń hú àjẹkù egbò náà ní ẹ̀yìnkùlé. Èmi tí mo gba oyè kejì nínú ìṣàkóso òwò, tí mò ń ṣètò iṣẹ́ fún ọgọ́rin èèyàn, èmi ni mo gbọ́ kẹ́yìn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká pín in.

1. Mo fi ilé wa ní Mitchellville sílẹ̀ fún ọkọ mi, Adékọ́lá, kó máa gbé inú rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ti Morọ́láyọ̀ ni. Yàrá àlejò kò sí lára ohun tí mo fún ọkọ mi. Àwọn àlejò ló ni ín.

Bàbá Rọ́láyọ̀, nítorí ẹ̀yìn yẹn, mo ra bẹ́ẹ̀dì líle. Mo ra ìgbànú ẹ̀yìn. Mo ra àga tó ń gbọ̀n. Ẹ jókòó sórí àga náà, ẹ ń gbọ̀n, ẹ ń wò mí lójú.

2. Mo fi fáìlì pupa tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì mi sílẹ̀ fún Morọ́láyọ̀, kó lè fi kọ́gbọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀. Mo rí orúkọ “Lìn” nínú fóònù ọkọ mi, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin tí kò tètè dé ìsìn rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, òun ló wá ń tètè dé ibì kan! Mo kọ àwọn ọjọ́ náà sílẹ̀, mo lẹ àmì aláwọ̀ mẹ́rin mọ́ wọn. Ní oṣù kẹta, mo wa mọ́tò tẹ̀ lé e lọ sí Landover, mo dúró sí iwájú ilé ìfọṣọ kan tó kọjú sí ilé tó wọ̀. Ọkọ mi jáde, ó gbé àpò ìwé kan dání, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Obìnrin kan sìn ín dé ẹnu ọ̀nà: ẹni bí àádọ́rin ọdún, irun rẹ̀ funfun bí òwú, sálúbàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo jókòó sínú mọ́tò, mò ń ro bí èèyàn ṣe ń bá ìyá àgbà jà nítorí ọkọ. Nínú gbogbo àmì aláwọ̀ tí mo ní, kò sí èyí tó bá a mu.

3. Mo fi ìkòkò irin ìyá mi, tí mo gbé wá láti Ìbàdàn, sílẹ̀ fún Ọmọ́kẹ́mi. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá, ó ṣì ń rùn. Kó máa fi se ẹ̀wà, kó sì máa rántí pé òun dákẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ìkòkò náà ṣe jẹ́ nìyí, kí wọ́n má bàa pìtàn rẹ̀ lódì. Ìyáàfin Lìn, oníṣègùn ará Ṣáínà náà, wo ahọ́n ọkọ mi. Ó fi ìka mẹ́ta mẹ́ta tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù. Ó ní lọ́nà tiwọn, inú kíndìnrín ni agbára ọkùnrin ń gbé, iná ti ọkọ mi ti lọ sílẹ̀, ìrònú sì ti di ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní kókó. Ó gún un ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín lábẹ́ ìdodo àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, ó fi ewé gbígbẹ tó ń jó díẹ̀díẹ̀ mú ibẹ̀ gbóná. Ó wá di egbòogi fún un: kó sè é nínú ìkòkò amọ̀, kó má ṣe lo irin rárá, kó mu ife kékeré kan láàárọ̀, kan nírọ̀lẹ́.

Ọkọ mi sọ fún un pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ohun dídùn tí òun jẹ nígbà èwe ló ń bá òun jà. Ìyáàfin Lìn ní òun kò mọ jẹ̀díjẹ̀dí, ṣùgbọ́n kó lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kó yẹ ọkàn rẹ̀ wò pẹ̀lú, kó sì mú èsì rẹ̀ wá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé fún un. Ọkọ mi ká ìwé náà sínú àpò ṣòkòtò.

Ó délé, ó gbé ìkòkò irin ìyá mi lọ sí garáàjì. Ó da egbòogi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó bu omi ògì lé e, ó dé e, ó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, bí ẹni ń ṣe àgbo ọpa ẹ̀yìn. Ife ńlá ló fi ń mu ún, lórí òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò ṣe bí wọ́n ṣe sọ, ó ní òògùn tí wọ́n bá ń fi ife kékeré wọ̀n, ti ọmọdé ni. Mo fẹ́ kí gbólóhùn yẹn wà nínú àkọsílẹ̀.

4. Mo fi ẹ̀rọ ìgékoríko àti àkàbà onírin mi sílẹ̀ fún Bùọ̀dá Taofeek. Ilé rẹ̀ ni wọ́n ti wà láti ọdún mẹ́rin. Òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lé e bá ni.

Bùọ̀dá Taofeek, ẹ̀yin àti ọkọ mi ni ẹ jọ ń bọ̀ láti Fort Washington ní oṣù kẹrin, nígbà tí òòyì kọ́ ọkọ mi nídìí ọkọ̀. Ẹ na ọwọ́ gbá ìdarí mú, ẹ tọ́ mọ́tò náà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ pè mí, ẹ sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìmí, títí kan èyí tí n kò bi yín. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tó mọ ọ̀nà ilé oníṣègùn yẹ kó mọ nọ́ńbà ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí òòyì tó kọ́ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo mú ọkọ mi lọ sọ́dọ̀ Ìyáàfin Lìn. Obìnrin náà kọ́kọ́ kọ̀, ó ní òun kì í sọ àṣírí aláìsàn àfi tí aláìsàn bá gbà. Aláìsàn gbà, torí mo di apá aṣọ rẹ̀ mú. Nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkòkò irin, ó mí kanlẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ ti omi ògì, ó jókòó. Ó wá béèrè èsì àyẹ̀wò. Ọkọ mi gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ìyáàfin Lìn ní òun kò ní gún un ní abẹ́rẹ́ mọ́, òun kò sì ní di egbòogi fún un mọ́, títí èsì á fi dé. Ó ní nígbà mìíràn, tí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn bá fẹ́ dí, ti nǹkan ọmọkùnrin, tó kéré jù, ló máa ń kọ́kọ́ kígbe. Obìnrin tí mo ti ṣe fáìlì fún láti bá jà, òun nìkan ló sọ òótọ́ fún mi tààrà. Mo ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú fáìlì.

5. Ilé-iṣẹ́ mi ní Landover, tó ń rán olùtọ́jú lọ sílé àwọn arúgbó, di ti Morọ́láyọ̀ pátápátá. Òṣìṣẹ́ tó bá ní ọ̀la lòun máa ṣe iṣẹ́ òní, kó lọ ṣe é níbòmíràn.

6. Mo fi Tanímọ̀la sílẹ̀ fún ọkọ mi. Ajá náà gbọ́dọ̀ rìn lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó di okùn rẹ̀ mú sì máa bá a rìn. Kí wọ́n má dè é mọ́ igi lẹ́yìnkùlé kí wọ́n ní ó ti rìn. Mo ti rí wọn.

7. Ilé kékeré wa ní Ìbàdàn, kí ọkọ mi àti Morọ́láyọ̀ jọ ni ín. Kí wọ́n má tà á.

Nítòsí ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ pàdé ọkọ mi. Mò ń gbé ìwé ẹ̀rí mi lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún iṣẹ́, òjò dé. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi wé fáìlì mi, ó sì bá mi rìn dé ẹnu géètì pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Mo sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù kó tó bọ́ ọ, etí fáìlì ti tutù. Ó ní òun kò rí obìnrin tó ń bú olóore rẹ̀ báyìí rí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Bàbá Rọ́láyọ̀, ọkùnrin tó fi ṣẹ́ẹ̀tì wé fáìlì ni mo fẹ́. Ìyẹn kò tíì bàjẹ́ lára yín. Ẹ̀ bá ti bi mí, ǹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

8. Aago ọwọ́ olóògbé Déolú, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó wà nínú àpótí ìlẹ̀kẹ̀ mi, di ti ọkọ mi.

N kò ní ṣẹ̀fẹ̀ níbí. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Déolú. Ẹ̀yìn ń dun òun náà. Ọdún méjì ni ẹ̀yìn fi dùn ún, ó ń sùn ní yàrá ọ̀tọ̀, gbogbo wa sì gbà á gbọ́. Wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀ níbi iṣẹ́, bẹ́líìtì ṣì wà láyà rẹ̀; wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Ìgbà tí a sin ín tán ni ìyàwó rẹ̀ tó sọ fún mi ohun tí ẹ̀yìn yẹn jẹ́. N kò sọ fún ọkọ mi. Mo ní àṣírí òkú ni, kí n bò ó. Ká ní mo sọ ọ́ ni, bóyá ọkọ mi ì bá ti mọ ohun tó ń ṣe òun, ì bá má máa pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Nítorí náà, níbi tí mo ti to orúkọ àwọn tó mọ̀ tí wọn kò sọ, ẹ fi orúkọ Oyèníkẹ́ kún un.

9. Mo yan ọkọ mi, Adékọ́lá, àti ọmọ wa, Morọ́láyọ̀, ní alámòójútó ìhágún yìí. A kì í yan òkú ní alámòójútó. Nítorí náà, mo béèrè ohun kan ṣoṣo, n kò sì ní béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá Rọ́láyọ̀, dókítà ọkàn ń retí yín ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé. Morọ́láyọ̀ ló máa fi mọ́tò gbé yín lọ. Ó ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má mu tíì, ẹ má jẹ bírẹ́dì, torí wọn yóò wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín. Mo fẹ́ èsì méjèèjì lórí tábìlì ilé ìdáná kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá, tó lù. Tí n kò bá rí i, n ó pe ilé ìwòsàn ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú kan, n ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan orúnkún mi. N ó máa tiro. Gbogbo ìgbà tí mo bá tiro kọjá níwájú yín, ẹ ó mọ ẹni tó fà á.

Tí èsì bá dé, ẹ padà sọ́dọ̀ Ìyáàfin Lìn. Mo ti ra ìkòkò amọ̀. Èmi ni n ó máa wọn ife. Bó bá ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbé ìrọ̀rí yín bọ̀ lókè, bẹ́ẹ̀dì wa ṣì fẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i ní Mitchellville, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, ọdún 2026.

Oyèníkẹ́ Àdùkẹ́ Ayọ̀kúnnúmi

Ẹlẹ́rìí kìíní: Ikrimah Mùíbì, aládùúgbò
Ẹlẹ́rìí kejì: Wọlé Mobáyọ̀, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ mi

Mo ti ní èmi kì í fi àlàfo sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù. Ẹyọ kan yìí ni mo fi sílẹ̀, fún ọkọ mi, kó kọ wákàtí tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí i ní Ọjọ́rú:

______________________