Ọ̀rọ̀ Miss Odessa Tí O Gbé Lọ Sórí Ìtàgé

Òpópónà Ashland,
St. Louis, Missouri.
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje oṣù Kọkànlá.

Davion ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ìlú Atlanta tó gbà ọ́ sílé. Mo bẹ Ọlọ́run kí ara rẹ le, kí oúnjẹ máa dùn lẹ́nu rẹ, kí oorun rẹ má ṣe dàrú. Inú ń bí mi o, ṣùgbọ́n mi ò lè tìtorí ìbínú gbàdúrà àìsàn fún ọmọ tí mo fi ọmú bọ́. Èmi náà wà láàyè. Orúnkún ṣì ń dùn mí bó ṣe máa ń dùn mí.

Mo kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ nítorí pé tí mo bá pè, wàá fi ẹnu gbá mi mọ́lẹ̀ kí n tó parí gbólóhùn kan. O ò lè já lu ìwé lẹ́nu. Jókòó, kà á tán.

Davion, ìwà rẹ rí mi lára. Ọjọ́ mẹ́tàlá ni mo fi wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ ju ìyẹn lọ, mi ò rí. Nígbà tí o dì mọ́ mi lẹ́yìn ìjà ráàpù yẹn, tí òógùn bò ọ́, tí o ń pariwo pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ rí bí mo ṣe pa á?" ṣe ni èébì gbé mi. Aṣọ búlúù tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà wà nínú àpò dúdú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò tíì lè fọwọ́ kàn án.

Má sọ pé mi ò mọ eré yín, pé kí ẹni méjì máa fi ráàpù bú ara wọn níwájú adájọ́. Láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti ń gbọ́ ọ tí o ń bú ògiri nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ fọ́ èèyàn lórí, bíi tìrẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè ọ́ ní Òòlù. Mo mọ̀ pé àwọn kan sì ń hun ọ̀rọ̀ bí ẹni hun agbọ̀n, bíi Lamont Pettiford tí o bá jà lọ́jọ́ náà, tí ohun tó ń sọ kì í yé èèyàn àfi tí wọ́n bá wo fídíò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí o wí fún un ní abala kìíní pé, "Lamont, ìwé lo gbé wá síjà! Ẹ bá mi wá dókítà fún un, kí ẹ tún wá ẹni tó máa túmọ̀ ẹ̀ fún dókítà!" èmi gan-an rẹ́rìn-ín. Nígbà tí òun náà fèsì pé, "Òòlù, ilẹ̀kùn tí kò ní ilé lẹ́yìn ni ẹ́," mo tún rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò burú. Eré nìyẹn.

Ó di abala kẹta. O rántí oṣù Kẹjọ tí o wá kí mi, tí mo sun ẹran ẹlẹ́dẹ̀ fún ọ? Ibi oúnjẹ yẹn ni mo ti sọ fún ọ nípa Miss Odessa, ìyá Lamont, tí mo ń tọ́jú ní ilé àwọn arúgbó. Mo ní iyè rẹ̀ ti ra, pé ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀ ló ń pè ní Lamont, tó sì ń pe Lamont fúnra rẹ̀ ní ọ̀gbẹ́ni. Mo sọ ọ́ nítorí àánú ṣe mí, mi ò sì rí ẹlòmíràn sọ ọ́ fún. O mi orí, o ní, "Ó mà ṣe o, Mọ́mì." Ṣé ìgbà yẹn ni o ti ń tò ó pọ̀?

O dúró níwájú ẹgbẹ̀ta èèyàn, o ní: "Anulẹ̀ ni ìyá ẹ ń pè ní Lamont, ìwọ ló ń pè ní ọ̀gbẹ́ni! Ó tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wò ẹ́, ó ní, ta nìyẹn? Tí ẹni tó bí ẹ bá gbàgbé ẹ, kí ló dé tí àwọn èèyàn yìí á fi rántí ẹ?" Wọ́n fò sókè. Ọkùnrin kan da bíà sí mi lára. Lamont ò wò ọ́, èmi ló ń wò. Ọdún méjì ni ọmọ yẹn ti ń pè mí ní Àǹtí Verlene.

Ó kan Lamont. Èmi ló ṣì ń wò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pariwo pé, "Ó ti gbàgbé! Ó ti gbàgbé!" Lẹ́yìn náà ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ráàpù bí ẹni tó wọ ilé kan lọ, ó ń ti fèrèsé ní yàrá kọ̀ọ̀kan: ti pálọ̀, níbi tó ti ń wo ọ̀nà bọ́ọ̀sì ìyá rẹ̀ ní kékeré, ti balùwẹ̀, ti yàrá tí bàbá rẹ̀ kú sí. Ẹnì kan kígbe pé, "Ráàpù jàre! Ṣé káfíńtà ni ẹ́ ni?" Ìwọ ń ṣe bí ẹni tí oorun ń kùn. Ó parí ẹ̀ báyìí pé, "Ti ẹ̀yìn kíṣìnì náà, mo ti tì í. Ẹ sùn, mà." Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́.

Davion, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Miss Odessa máa ń bi mí pé, "Ṣé ẹ ti ti fèrèsé ẹ̀yìn kíṣìnì?" Kò sí kíṣìnì nínú yàrá ẹ̀. A máa ń dáhùn pé, "A ti tì í, mà," nígbà náà ni yóò sùn. Lamont ò pè é ní Mọ́mì nínú ráàpù yẹn, mà ló pè é, nítorí àlejò ni òun lójú ìyá rẹ̀. Èmi nìkan ló yé nínú gbọ̀ngàn yẹn. Adájọ́ méjì mú ọ, ọ̀kan mú òun.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, Lamont wá bẹ ìyá rẹ̀ wò. "Ẹ kú iṣẹ́, mà" ló kí mi. Kò pè mí ní Àǹtí. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn tí kò tì rí. Lọ́jọ́ Ajé mo lọ bá ọ̀gá wa, mo fi ẹnu ara mi sọ pé èmi ni mo tú àṣírí aláìsàn. Wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Má káàánú mi, ẹnu mi ló kọ́kọ́ ṣẹ̀. Ara mi náà ń rí mi lára.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ rèé. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí ni fídíò ìjà yẹn ń jáde. Pe Ọ̀gbẹ́ni Bascombe tó ni ìtàgé yẹn, kí ó gé ọ̀rọ̀ Miss Odessa kúrò níbẹ̀. Bí o kò bá pè é, má ṣe wá jẹun nílé mi lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ tí gbogbo ẹbí máa ń pé jẹun.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ojú máa tì ọ́ níbi tó bá yẹ. Àdúrà ni mo ń ṣe fún ọ yẹn. Kí ẹnu rẹ má ṣe jẹ́ ọ̀tá rẹ. Kí o dàgbà, kí o rí ẹni tí yóò ti fèrèsé fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ, mi ò sì lè yí ìyẹn padà,
Verlene Tolliver.

Àfikún: Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa kí n tó tún tú u. Lamont pè mí ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti sọ fún un pé mo lọ fẹjọ́ ara mi sùn. Mo sọ fún un pé màá ní kí o gé e. Ó ní, "Rárá, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Òtítọ́ ló sọ. Tí wọ́n bá gbọ́ tiẹ̀ ni wọ́n á tó mọ ẹni tí mò ń ti fèrèsé fún." Nítorí náà mi ò ní kí o gé e mọ́. Tí ó bá jáde, wò ó. Má pa á níbi tí wọ́n ti ń fò sókè fún ọ, wò ó dé òpin. Bí èébì bá gbé ìwọ náà, máa bọ̀ nílé.