Iṣẹ́ Abẹ tí A Fi Pamọ́ fún Àna

Àtìní, 7 Oṣù Kẹwàá 1991. Ìkirè.
Òtútù tún mú Ìyá mi lánàá. Wọ́n ń gbọ̀n rìrì lórí ẹní, àgbagbà tí wọ́n fẹ́ fi dín dòdò sì ń rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ní ibà ni. Ibà! Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù kan.

Àlàrùba, 9.
Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń dùn wọ́n, ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn n'Íbàdàn lọ́dún 1986 gan-an. Àwọn dókítà yọ òkúta lójú ọ̀nà òróòro, wọ́n sì so ọ̀nà náà mọ́ ìfun. Ohun tí àdúgbò gbọ́ ni pé wọ́n lọ tọ́jú ọmọ tuntun.

Mo ní ká lọ sọ tòótọ́ fún dókítà. Bàbá Ràímì, ẹ̀gbọ́n Ìyá mi, fárígá. Yìgì èmi àti Sàídì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé, àwọn àna ṣì ń ṣèwádìí — ta ló máa fẹ́ ọmọ ẹni tí wọ́n là níkùn nítorí àìsàn? Ìyá mi ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo dákẹ́. Mo ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, mo fẹ́ lọ sílé ọkọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Jímọ̀, 11.
Ẹyinjú wọn ti pọ́n bí ìyeyè.

Àtìní, 14.
Ẹ̀gbọ́n Sàídì, nọ́ọ̀sì Àpòmù, fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù rẹ̀. Oore tí a ò bẹ̀. Imú Ajá ni mo sọ ọ́, kò sóhun tí kì í gbóòórùn. Dókítà bi Ìyá mi bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ rí. Wọ́n ní rárá, àfi èyí tí wọ́n fi gbé ọmọ, pé àpá ọmọ ló wà níkùn àwọn. Dókítà ní àpá ọmọ kì í wà lókè tó bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí mi. Imú Ajá dúró tì wá, bíírò lọ́wọ́. Mo ní òótọ́ ni, pé èmi gan-an ni wọ́n gba ibẹ̀ gbé jáde.

Ẹnu mi yìí náà. Ó yẹ kó rà.

Àlàmísì, 17.
Ìyá mi ò dá mi mọ̀. Bàbá Ràímì ní àìsàn ló ṣeé wò, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Àìsàn wo la wò?

Jímọ̀, 18.
Mo sọ òótọ́ fún dókítà l'Àpòmù. Lójú Imú Ajá, lójú Sàídì. Dókítà bú mi, ó tọ́ sí mi. Ó ní ojú ọ̀nà tí wọ́n so mọ́ ìfun yẹn ni kòkòrò gbà gòkè, ẹ̀dọ̀ ti gba ọyún. Ìbàdàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n ya àwòrán, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn fà á — ọyún kún ife méjì.

Àtàláátà, 29.
Ìyá mi mu ẹ̀kọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé àwọn àna ti wá? Mo ní wọn ò tíì wá. Wọ́n ní, "Ò bá fi mí sílẹ̀ kí n kú, kí o rílé ọkọ gbé." Wọ́n kọjú sí ògiri. Inú bí mi débi pé mo jáde síta lọ sunkún.

Sátidé, 2 Oṣù Kọkànlá.
Òní ni ì bá jẹ́ ọjọ́ yìgì. Sàídì nìkan ló wá. Mo ti to èébú sẹ́nu de ẹbí rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ka iṣẹ́ abẹ sí nílé àwọn, wọ́n ti gé gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn ìyá òun rí.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àṣíáwù, Màmá ń kú lọ lójú ẹ, o sì ń purọ́ kí n ṣáà lè fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tó bá kan èmi, nítorí ta ni wàá ṣe dákẹ́?"

Ó wọlé kí Ìyá mi, ó jókòó tì wọ́n díẹ̀, ó lọ láìdárúkọ ọjọ́ kankan.

Ìyá mi bi mí bóyá ó ti mú ọjọ́ yìgì mìíràn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.