Ọ̀nà Bọ́ọ̀sì Tó Gba Orí Sàréè Yín

Bàbá mi tí ń bẹ níwájú ilé wa ní Bàrígà,

Ẹ kú ilé o. Mo mọ̀ pé a kì í kí òkú báyẹn, àmọ́ iwájú ilé náà lẹ ṣáà wà, lábẹ́ táìsì funfun tí Màámi ń fọ̀ láràárọ̀ kí wọ́n tó bọ́jú ara wọn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó gbé mi dé ìdí lẹ́tà yìí, kí ọkàn mi má bàa yí padà. Lọ́la ni wọ́n ń bọ̀ wá hú yín jáde. Èmi ni mo sì fa ìlà tó ń mú wọn bọ̀.

Ṣé ẹ rántí etí bébà? Bí ẹ bá ti ilé ìtẹ̀wé dé láti Ṣómólú, ẹ máa ń kó èyí tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ yín gé dànù wá fún mi nínú ọ̀rá. Wọ́n gùn, wọn ò fẹ̀, kò sóhun téèyàn lè yà sí wọn ju títì lọ. Títì náà ni mo ń yà. Màá ya ọkọ̀ sí i, màá ní kí ẹ yan ibi tí ẹ fẹ́ bọ́ sí. Ilé lẹ máa ń yàn nígbà gbogbo.

Òun ni mo fi ń jẹun báyìí, Bàbá. Ìjọba fẹ́ kí bọ́ọ̀sì ńlá ní ọ̀nà tirẹ̀ láti Ṣómólú, kó gba Bàrígà kọjá, kó dé etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, kí àwọn èèyàn lè bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Mo wà lára àwọn tó ń ya ọ̀nà náà. Inú yín ì bá dùn sí i, ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró nínú òjò tí gbogbo ọkọ̀ á kún kọjá lára yín.

Àmọ́ títì àdúgbò wa kò gba bọ́ọ̀sì méjì láti pàdé. Ó di dandan ká fẹ̀ ẹ́ sí apá kan. Lápá ọ̀tún ni ilé Ìyá Sìkírá wà, ẹni tó ń bá Màámi gbé yín lọ sí balùwẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ yín ò gbé yín mọ́. Ó ṣì wà níbẹ̀, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú ayálégbé tó kún gbogbo yàrá. Lápá òsì ni ilé wa wà: Màámi nìkan, àti ẹ̀yin. Ọ̀gá mi ní kí n yọwọ́ níbẹ̀, kí ẹlòmíràn yà á. Mo kọ̀. Mo wo ilé tí alààyè kún, mo wo ilé tí ẹ̀yin wà, mo sì fa ìlà náà sí ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n ní bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Tèmi gbẹ́ ẹ. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọ̀bẹ jẹun títí ẹ fi darúgbó, ṣé ẹ rí irú rẹ̀ rí?

Wọ́n wá rán ọmọbìnrin kan wá kọ orúkọ àwọn tó ń gbé nínú ilé tí títì máa mú, kí wọ́n lè wá ibòmíràn fún wọn. Ó bi Màámi pé, “Mọ́mì, àwọn wo ló wà nínú ilé yìí?”

Màámi dá a lóhùn pé, “Èmi àti bàbá wọn ni. Àwọn ló nilé. Wọn kì í jáde.”

Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Kò fẹ́ yọ bàbá àgbàlagbà lẹ́nu. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ kú ilé o, Dádì,” ó sì tẹ orúkọ yín sínú fóònù rẹ̀ bí alààyè. Nígbà tí orúkọ náà dé ọ́fíìsì wa, ẹ ti di arúgbó Bàrígà tó nílò yàrá ìsàlẹ̀ torí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Mo rẹ́rìn-ín, Bàbá. Mo rẹ́rìn-ín gan-an. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí ẹ bá wà láàyè, kò sí sàréè níwájú ilé wa. Bí kò bá sì sí sàréè, kò sẹ́ni tó máa wá gbé yín jẹ́jẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Katapílà ló máa wọlé tààrà. Ọjọ́ tí a sin yín, gbogbo ẹbí ló ní kí ẹ má jọ̀kùn, kí ẹ má jekòló. Kò sẹ́ni tó rántí katapílà.

Ni mo bá lọ bá ọmọbìnrin náà, mo ní ẹ ti kú.

Ó ní, “Háà! Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé wọ́n ń sùn ni.”

Mi ò ráyè sunkún níbi ìsìnkú yín, àlejò ló gba gbogbo àkókò mi. Iwájú ọmọ yẹn ni mo ti sun ẹkún náà. Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún Màámi pé mo ti tún un ṣe, wọ́n ní, “Ṣé o ti wá pa wọ́n tán báyìí?” Látìgbà yẹn, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún mi, àmọ́ wọn ò bá mi sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ìlú yín létí òkun lọ́hùn-ún. Omi gba ilé, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba sàréè bàbá yín, débi pé bí ẹ bá fẹ́ kí wọn, ojú omi lẹ máa ń kọ sí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ní Bàrígà ni ká sin yín sí, pé ilẹ̀ ibí kì í sá lọ. Kò sá lọ lóòótọ́. Ọmọ yín ló wá gbà á. Ṣé ẹ bínú sí òkun nígbà yẹn? Ṣé ẹ ń bínú sí mi?

Itẹ́ òkú tí a ti rí àyè fún yín jìnnà. Ọ̀nà bọ́ọ̀sì tí mo yà kò débẹ̀. Mi ò tíì mọ bí Màámi yóò ṣe máa wá fọ táìsì yín.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń pe “Ó wà o!” nínú ọkọ̀, kí dírẹ́bà lè mọ̀ pé ẹnìkan fẹ́ bọ́lẹ̀? Ibi tí a ti máa bọ́lẹ̀ á ṣì jìnnà tí ẹ ó ti figbe ta, torí orúnkún yín ò jẹ́ kí ẹ lè yára dìde. Dírẹ́bà á dúró láìtíì débẹ̀, kọndọ́ á máa kùn, ẹ̀yin á ní kó má bínú, pé ẹ kàn ń jẹ́ kó mọ̀ ni. Bọ́ọ̀sì tuntun yìí kò ní ibùdókọ̀ níwájú ilé wa. Èmi ni mo jẹ́ kí àwọn ibùdókọ̀ jìnnà síra kí ọkọ̀ lè yá. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ rìn, màá wọ̀ ọ́, màá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bí a bá ti ń sún mọ́ ọ̀dọ̀ wa, màá bá yín tètè pè é: Ó wà o! Ó wà o!

Dírẹ́bà ò ní dúró. Irọ́ ni màá sì máa pa, Bàbá. Ẹ ò ní sí níbẹ̀ mọ́.

Màá dúró tì yín lọ́la títí wọ́n á fi gbé yín tán.

Èmi tó fa ìlà náà, tó sì fẹ́ràn yín,
Ọmọ yín.