Màmá Eulalee Hebbert (1938–2021): Opó Tí Ìjọ Wá Bá Gbélé

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1938 ni a bí Màmá wa, Eulalee Hebbert, sínú ìdílé Tinkam ní abúlé wa yìí, létí ọ̀sà Pearl Lagoon ní Nicaragua. Olóògbé Alford Tinkam tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ni bàbá wọn. Drusilla, ìyá wọn, ló ń lu agogo ìjọ Moravian. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni Màmá lọ, kékeré ni wọ́n sì ti wọ ẹgbẹ́ akọrin.

Ní ọdún 1959, wọ́n fẹ́ Renford Hebbert, apẹja. Ọmọ kan ṣoṣo tí Olúwa fún wọn ni Lindel. Màmá ń yan búrẹ́dì alágbọn tà, ayé wọn sì dùn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1984, bàbá àti ọmọ jọ lọ sókun, wọn kò padà. A kò rí òkú, a kò rí pákó ọkọ̀. Màmá ti ilẹ̀kùn, wọn kò wá sí ìsìn mọ́. Nígbà tí Ordel Downs, ọ̀rẹ́ wọn, kan ilẹ̀kùn, inú ilé ni wọ́n ti dá a lóhùn pé, "Ordel, máa lọ. Mi ò bá Ọlọ́run jà. Mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ bá a sọ ni." Àwa ará abúlé náà kò sì dárúkọ Renford àti Lindel létí wọn mọ́, ẹ̀rù ń bà wá.

Ìjì ńlá ọdún 1988 ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ilé Màmá dúró. Ordel tún wá.

"Eulalee, òjò ń pa ìjọ. Pálọ̀ rẹ á gbà wá."

"Ẹ lè jókòó. Ẹ má ṣáà ní kí n kọrin."

"Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ? Ohùn rẹ ti há."

Bí ìjọ ṣe wọlé nìyẹn. Ilé ìdáná ni Màmá máa ń wà tí ìsìn bá ń lọ. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, Ordel dìde gbàdúrà fún àwọn tí òkun kò dá padà, ó sì pe Renford àti Lindel lórúkọ. Màmá jáde tòun ti ìyẹ̀fun lọ́wọ́, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ní, "Tún orúkọ wọn pè." Gbogbo ìjọ ló bá a pè é. Màmá sunkún títí ìsìn fi parí, kò sì sẹ́ni tó kúrò níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, Màmá di ẹni tó ń bẹ àwọn opó wò káàkiri etí ọ̀sà. Wọn kì í wàásù, wọn á gbé búrẹ́dì kalẹ̀, wọn á ní, "Sọ̀rọ̀ ẹni tó lọ fún mi." Wọ́n gba ọmọ òrukàn mẹ́ta tọ́, wọ́n sì padà sínú ẹgbẹ́ akọrin, pẹ̀lú ohùn tó há lóòótọ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 2021, àwọn ọmọ àti ará ìjọ kún yàrá wọn. Màmá lajú, wọ́n ní, "Ẹ lọ jẹun. Mi ò dá wà." Kò pẹ́ tí wọ́n fi sùn.

Àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́, Marva, Enoch àti Shirlene, àwọn ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti Ordel Downs, ọ̀rẹ́ wọn, ló gbẹ̀yìn wọn.

Ẹ sùn re, Màmá. Kí Jésù fúnra rẹ̀ jáde wá pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà. Àmín.