Ẹran Ara Mi Wà Lára Pẹ́lẹ́ńgẹ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Èmi ìyá rẹ ni mò ń kọ̀wé yìí, èmi tí mo gbé odidi àgbá omi láti ẹnu ẹ̀rọ dé inú ilé pẹ̀lú ọwọ́ kan láàárọ̀ yìí, tí gbogbo àdúgbò jáde wá wò mí, tí awakọ̀ tó ń kọjá pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó lè wò mí dáadáa. Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, àtẹ̀gùn ilé yín tó ga bí ẹni ń lọ sọ́run ńkọ́? Ẹsẹ̀ yín ò ní yẹ̀ níbẹ̀ o. Ilé dáa, òrùlé ò jò, adìyẹ funfun ti pamọ, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ṣì ń bínú, a ò sì tíì mọ ohun tó ń bí i nínú.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti ẹran ara mi tó sọnù. Nígbà tí o wá kẹ́yìn, tí o rí i pé mi ò lè dìde lórí àga tìmùtìmù tí o rà fún mi, àfi kí ẹni méjì fà mí bí ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀, o ní tí o bá padà dé lópin oṣù tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, wàá ti ilé yìí pa, wàá sì gbé mi lọ sókè àtẹ̀gùn yẹn. Ọmọ mi, láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú mi. Tí wọ́n bá gbé mi gun ibẹ̀, ta ni yóò sọ̀ mí kalẹ̀?

Mo bá lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó tẹ itan mi wò, ó tẹ apá mi, ó ní ẹran ara àti iṣan ló ń dínkù, pé ó máa ń ṣe àwa obìnrin bẹ́ẹ̀ tí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, pàápàá ẹni tó bá ń jókòó sójú kan. Mo bi í pé níbo ló ń lọ. Ó ní kò lọ síbì kankan, ó kàn ń tán lọ ni. Ìyẹn ò yé mi, mo sì dá a lóhùn pé ó yé mi. Ó ní ohun tó máa dá a padà ni kí a máa dìde lórí àga ká tún jókòó, láìfọwọ́ ti nǹkan kan, kí a máa gbé ìgò omi méjì sókè ká tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀, láìmu ún, láìdà á nù, kí a sì dojú kọ ògiri ká máa tì í. Ògiri tí bàbá rẹ fi òógùn kọ́, kí ló wá ṣe tí a fi ń tì í?

Ṣùgbọ́n mo rántí àṣẹ rẹ. O ní mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun tó lè mú mi làágùn mọ́ nínú ilé yìí, pé Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọbìnrin tí o gbà kó máa tọ́jú mi, ni kó máa ṣe gbogbo ẹ̀. Mo bá gbé èyí náà fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Láràárọ̀ ni mò ń jókòó sínú àga mi, tí mò ń ṣọ́ ọ kó má baà rẹ́ mi jẹ. Ó dìde, ó jókòó, ó gbé ìgò, ó ti ògiri títí ọ̀dà fi ń ṣí. Ojú mi wá rí nǹkan. Apá ọmọ náà ki, itan rẹ̀ kún, kò sí ẹni tó lè pè é ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ́ láìrẹ́rìn-ín. Ó gba àpò sìmẹ́ńtì lórí bíríkìlà tó wà lójúlé kejì, ó bá a gbé e wọlé, ọkùnrin yẹn ò tíì sọ̀rọ̀ dáadáa láti ọjọ́ náà. Èmi ńkọ́? Mo ṣì wà nínú àga bí ìrọ̀rí.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ẹran tí nọ́ọ̀sì ní kò lọ síbì kankan, mo ti rí ibi tó lọ. Mo pe ọmọ náà ní jẹ́jẹ́, mo ní mi ò bá a jà, kó sáà dá ti ẹsẹ̀ òsì padà ná, kó máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ó béèrè pé báwo ni òun ṣe máa yọ ọ́. Mo ní kó kẹ́yìn sí ògiri, kí ògiri náà máa tì í. Ó ṣe é. Ṣe ló tún ki sí i.

Mo fẹjọ́ rẹ̀ sun nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì gbé orí lé tábìlì. Mo rò pé àìsàn ló kì í mọ́lẹ̀, mo ti ń kí i pẹ̀lẹ́. Nígbà tó gbé orí sókè, ó ní, "Màmá, tí ebi bá ń pa yín, ṣé Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lẹ máa ní kó bá yín jẹun?" Mo ní rárá o, ọmọ yẹn ò ní ṣẹ́kù fún mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà lèyí rí, kò sí ẹni tó lè bá mi ṣe é, àti pé ìsinmi tí ọmọ mi fi ń kẹ́ mi yẹn gan-an ló ń jẹ mí lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn da orí mi rú. Ìfẹ́ lo fi ra àga, ìfẹ́ náà lo fi gba ọmọ ọ̀dọ̀, báwo ni ìfẹ́ ṣe wá ń jẹ ẹran? Títí di ìsinsìnyí mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń jókòó báyìí, èmi ni mò ń ti ògiri, ó sì ń jágbe mọ́ mi bí ọ̀gá sójà pé, "Màmá, ẹ má rẹ́ mi jẹ o."

Jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́ kí káfíńtà kan àga onígi tó ga díẹ̀ fún mi, torí tìmùtìmù yẹn ń gbé èèyàn mì, adìyẹ funfun sì ti ń wò ó fún àwọn ọmọ rẹ̀. Fi ti bàtà pẹlẹbẹ kan kún un, àti ti oúnjẹ Pẹ́lẹ́ńgẹ́, apá yẹn ò rọrùn láti bọ́. Má lé e lọ o. Tí o bá dé, má ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ. Kan ilẹ̀kùn, kí o dúró, èmi ni màá wá ṣí i. Tó bá pẹ́, má bẹ̀rù, mò ń bọ̀ ni.

Ibikíbi tí o bá jókòó sí, ayọ̀ ni wàá fi dìde níbẹ̀. Orúnkún rẹ á máa gbọ́ tìrẹ títí dọjọ́ alẹ́.

Èmi ni, ìyá rẹ.

Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa, ọkàn mi ò jẹ́. Àgbá omi tí mo ní mo gbé, kẹ́tùlù ni. Kò kún dé ààbọ̀, ọwọ́ méjèèjì ni mo sì fi dì í mú. Kò sí awakọ̀ kankan, adìyẹ nìkan ló wò mí. Ṣùgbọ́n àga tìmùtìmù tí mo ti dìde lọ gbé e, ọmọ mi, kò sí ẹni tó fà mí. Ìyẹn ni mi ò purọ́ rẹ̀.